Ẹ̀dọ̀ Ẹja Tí Aroita Fi Ewé Bò

Ní gbogbo erékùṣù Abaiang, kò sí ẹni tó mọ ọgbà òkúta tó bí Aroita ti mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un: ògiri òkúta gígùn tí wọ́n tò sínú ọ̀sà. Bí omi bá kún, ẹja á wọlé. Bí omi bá fà, wọn ò ní rọ́nà jáde mọ́. Aroita lè to òkúta látàárọ̀ dọ̀sán, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára, torí òun ni àgbà ilé báyìí.

Ẹja ńlá inú ọ̀sà máa ń ní májèlé nígbà míì, ojú ò sì lè dá a mọ̀. Àgbà ilé ni í kọ́kọ́ jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, níbi tí májèlé náà ti ń pọ̀ jù. Gbogbo ilé á wá dúró títí omi tó fà á fi kún. Bí omi tútù bá ń jó àgbà náà bí iná, wọn á sin ẹja náà.

Ọdún tí ìjì wó ọgbà, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi rẹ́ja gidi. Tiroi, ọmọ kan ṣoṣo tí Aroita bí, sì wà nínú oyún oṣù méje, ó ń rù. Ni Aroita bá yí ẹnu ọgbà sí ìhà ibi tí ọkọ̀ ńlá ti fọ́ àpáta inú òkun, ibi tí ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ yí i sí láéláé torí ẹja tó ní májèlé pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹja pupa kan tó gùn tó apá ló bá níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe pé ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n?" Bakoa, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún, ọ̀lẹ! Àbí ìwọ fẹ́ bá mi jẹ ẹ́?"

Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Nígbà tó se ẹja tán, ìrù ló bù jẹ. Ó fi ewé bo ẹ̀dọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ní òun á dà á nù tójú bá dá. Ó nu ẹnu, ó jáde sí wọn.

"Mo ti jẹ ẹ̀dọ̀. Ó dùn."

Títí di ọ̀sán ló ń kiwọ́ bọ omi kànga. Omi náà tutù.

"Ṣé ẹ ṣì wà láyé?" Bakoa ń ké láti òkèèrè.

"Mo wà, èmi ni n ó sin ẹ́!"

Omi ọ̀sà kún. Inú Aroita dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ wá jẹun o!"

Tiroi rìn wá, ó ń fọwọ́ ra ètè.

"Màmá, ẹ má bínú o. Mo rí ẹ̀dọ̀ lábẹ́ ewé láàárọ̀. Mo ṣebí èyí tẹ́ ẹ jẹ kù ni, ni mo bá jẹ ẹ́ tán. Oyún yìí ló kó bá mi."

 Aroita sáré bu omi kànga sínú èèpo àgbọn, ó gbé e fún un. Tiroi mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú dànù.

"Yéè! Màmá, kí lẹ ṣe ń fún mi lómi gbígbóná?"