Èdè Tí Bàbá Mi Kó Bọ̀ láti Pànyá

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti sin ín. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Bàbá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Garland kò tíì gbọ́, àbí kí n sọ pé mo rò pé kò tíì gbọ́. Kì í ṣe pé a gbàgbé láti sọ fún un o. A pinnu ni. Orí fóònù la ti ṣèpàdé, àwọn ẹbí ní Oǹdó, àwọn tó wà l'Ékòó, èmi nìkan ní Texas. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí ló gé ọ̀rọ̀ náà kúrú.

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ìyá náà ní. "Irú ẹ̀ kọ́ là ń sọ fún bàbá. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un, òkú méjì lẹ máa sin."

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa bá ìyá yẹn jiyàn. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá kú lójú òbí, wọ́n á sáré sin ín, wọ́n á rọra máa gbé ọ̀rọ̀ náà ká bí ẹni gbé ẹyin, ó sì lè pẹ́ kó tó dé etí ẹni tó ni ín. Èmi náà gbà. Ìtìjú rẹ̀ ṣì ń mú mi títí dòní, torí nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn ẹbí aláìsàn, tí mò ń sọ fún wọn pé ẹni wọn ti lọ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀, mo mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Nígbà tó wá kan bàbá tó bí mi lọ́mọ, mo di odi.

Irọ́ tí mo pa, kò tiẹ̀ dára létí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti gba iṣẹ́ lórí òkun, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo, àti pé wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ìṣirò, tí wọ́n ní kó wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó nígbà kan tó ní òun á fẹsẹ̀ rìn yí ọ̀sà ká. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá á bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pè?"

"Ó kí yín, Daddy. Ọ̀gá ẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn yín regularly."

Á mi orí. Á ní ó dáa. Èmi á sì wọ ilé ìdáná lọ, màá ṣí omi kí ó má gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà.

Mo dí gbogbo ihò. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lake Highlands fẹ́ wá kí Bàbá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kìlọ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mẹ́nu bà á. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n gbàdúrà, kò sí ẹni tó ṣe àṣìsọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ní èèyàn gidi.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba obìnrin kan tí yóò máa wá jókòó ti Bàbá nígbà tí mo bá wà ní ọsibítù, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Honduras ni obìnrin náà ti wá, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kìlọ̀ fún òun náà. Ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ tí Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, èdè kan sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Daddy, níbo lẹ ti gbọ́ Spanish?"

"Pànyá," ó ní, bí ẹni pé mo béèrè ọ̀nà Walmart. "Ṣé o ò mọ̀ pé mo gbé Pànyá ni?"

Mi ò mọ̀. Pànyá tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn àgbà fi ń dẹ́rù bà wá ní kékeré: ọmọ tó bá ń rìn ìrìnkurìn, wọ́n á gbé e lọ sí Pànyá. Inú àlọ́ ni mo rò pé ìlú náà wà. Àṣé erékùṣù gidi ni, tí wọ́n ń pè ní Fernando Po nígbà náà, láàárín òkun, kò jìnnà sí Calabar. Àwọn Sípéènì ló ni ín. Lọ́dọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n ti gbà á lórí ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì bi àwọn Bubi tó ni ilẹ̀ léèrè. Wọ́n gbin kòkó káàkiri. Àwọn Bubi ò fẹ́ ṣe ẹrú lórí ilẹ̀ bàbá wọn, àìsàn sì ti pa nínú wọn. Ni àwọn Sípéènì bá kọjú sí òdìkejì omi, wọ́n ń wá ọwọ́ tí yóò mú àdá. Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, díẹ̀díẹ̀, lórí oúnjẹ alẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ẹnì kan wá sí Oǹdó, ó ní iṣẹ́ kòkó wà ní Calabar. Nígbà tí wọ́n dé Calabar, iṣẹ́ ti di ti òkè òkun, wọ́n sì ti tẹ ìka sí ìwé àdéhùn. Ọdún méjì ni ìwé náà sọ. Oko tí wọ́n kó wọn sí, orúkọ ẹni mímọ́ kan ni wọ́n fi pè é, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ni kò jẹ́ kí wọ́n jáde níbẹ̀. Ó ní lójú òfin àwọn Sípéènì, ọmọdé ni aláwọ̀ dúdú, bó ti wù kó dàgbà tó, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí ìjọba bá fún ní ìwé pé àwọn ti gbọ́n.

"Bàbá tó bí wa lọ́mọ kọ́ wa ní kòkó sísá," ó ní. "Oòrùn là ń sá a sí ní Oǹdó. Ní Pànyá, òjò ò jẹ́. Wọ́n ṣe ilẹ̀ kan, wọ́n dá iná sábẹ́ ẹ̀, wọ́n da kòkó sórí ẹ̀. Àwa la máa ń rìn lórí ẹ̀, tí a ó máa yí i. Ẹsẹ̀ lásán."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà ni mo ti ń fi ìpara pa àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, mo ti ń bá a jà pé ó le bí pákó. Mi ò béèrè rí ohun tó ṣe é.

Mo kíyè sí i pé ó sọ pé "bàbá tó bí wa." Mi ò béèrè ta ni "wa."

Kí n má purọ́ mọ́, owú jẹ mí. Mo ń dé láti ibi iṣẹ́, mo ń bá àwọn méjèèjì nídìí tábìlì, tí wọ́n ń fọ èdè náà wúyẹ́wúyẹ́, tí wọ́n á sì dákẹ́ nígbà tí mo bá wọlé. Ojú Bàbá á pọ́n. Mo rò pé àlùbọ́sà ni, torí obìnrin yẹn fẹ́ràn àlùbọ́sà. Nọ́ọ̀sì ni mo pe ara mi o.

Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin náà kò wọ mọ́tò rẹ̀ lọ nígbà tí mo dé. Ó dúró dè mí níwájú gáréèjì, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mi ò lè máa wá mọ́," ó ní, "tẹ́ ẹ ò bá bá bàbá yín sọ̀rọ̀ nípa ọmọ wọn tó kú."

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi kò buyì kún mi. Mo ní, "Ta ló sọ fún wọn?"

"Àwọn ló sọ fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débí. Wọ́n ní, *mi hijo murió*. Ọmọ mi ti kú. Wọ́n sunkún, èmi náà bá wọn sun ún. Ojoojúmọ́ la fi sun ún, ó tó oṣù kan."

Mo ní àfi kí ó sọ orúkọ ẹni tó tú àṣírí náà fún mi. Ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ni. Mo ń ka àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án lọ́kàn, mo ń wá ẹni tí màá pè lórí fóònù.

"Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan," ó ní. "Ìyẹn gan-an ni. Bàbá yín ní, ní ilẹ̀ yín, ẹni tó bá kí yín gbọ́dọ̀ béèrè gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn béèrè ẹsẹ̀ àwọn, wọ́n béèrè oògùn, wọ́n béèrè yín, wọ́n béèrè àwọn ọmọ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n tiẹ̀ béèrè ajá aládùúgbò. Ẹni mẹ́sàn-án, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ọmọ wọn ọkùnrin. Wọ́n ní ẹni tó bá wà láàyè, wọ́n á béèrè ẹ̀."

Mo gbára lé mọ́tò mi. Kò sí ibòmíì tí mo lè gbára lé.

Obìnrin náà kò tíì parí. Ó ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin kan tí wọ́n jọ lọ sí erékùṣù yẹn. Ọdún kejì ni ibà mú àbúrò náà. Wọ́n gbé e lọ sí ibùsùn àwọn aláìsàn nínú oko, wọ́n sì ní kí Bàbá padà sídìí kòkó, torí a kì í fi kòkó sílẹ̀ lórí iná. Nígbà tó parí iṣẹ́ tó lọ wò ó, wọ́n ti fọ ibùsùn náà. Àwọn Sípéènì ti sin ín. Wọn ò fi ibẹ̀ hàn án. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *murió*, ó sì nawọ́ àdá sí i.

Bàbá mi kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ó ń kọ̀wé sílé lórúkọ àwọn méjèèjì. Àbúrò mi ń kí yín, ara rẹ̀ le. Nígbà tó padà sílé, ó ní àbúrò òun ti bá àwọn apẹja lọ sí Gabon. Ìyá rẹ̀ ní ó dáa. Ọdún méjìlá ni ìyá náà tún fi gbélé ayé, ó sì kù díẹ̀ kó kú ló tó sọ fún un pé láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ lòun ti mọ̀. Ó ní, "Àbúrò ẹ kì í kí mi kó má tọrọ nǹkan."

"Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín pé àwọn mọ̀," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ìyá àwọn náà ò sọ fún àwọn. Wọ́n ní ìyá àwọn rò pé àwọn ò ní lè gbà á. Ọdún méjìlá ni ìyá yẹn fi dá sunkún."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Mo dúró níta títí tí aládùúgbò fi bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ mi ló sọnù.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbójú sókè.

"Káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti pè?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi.

"Daddy, ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Mo mọ̀," ó ní. "Àwọn wo ló sin ín?"

"Àwọn ọmọ ẹ̀ ni, Daddy. Àwọn ọmọ ẹ̀ àti àwọn ará ilé. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí i fúnra wọn."

"Ó dáa. Ọwọ́ ẹbí ni."

Mo ń retí kí ó sunkún. Ohun tí mo fi sá fún un láti oṣù mẹ́jọ nìyẹn, mo wá ń retí rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa, kí àwa méjèèjì lè jọ sun ún, nítorí èmi náà ò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n mi. Níbo ni mo ti fẹ́ sun ún? Mò ń ṣọ́ ojú mi nínú ilé, mò ń ṣiṣẹ́ níta. Ẹkún náà dé nígbà yẹn, ó dé gan-an, ó gbé mi ṣubú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbójú sókè wò ó. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Má bínú, ọmọ mi," Bàbá mi wí. "Mo ti sun tèmi tán. Mi ò rẹ́ni bá sun ún ní Yorùbá nínú ilé yìí, ni mo bá fi èdè àwọn tó sin àbúrò mi sun ún."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò. Mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi nìkan, Bàbá mi sì jókòó tì mí.