Ipò Mi Nídìí Kànga

"Ẹ ka ìwé yẹn sókè kí n gbọ́! Etí mi kò tíì di!"

Ìyá àgbà aládùúgbò wa ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orín lẹ́nu, nídìí kànga abúlé wa lápá Odomẹ̀ta. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Okùn ń ha ẹnu kànga, òórùn erùpẹ̀ tútù gba gbogbo ibẹ̀. Kànga ilẹ̀ wa jìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàsíà là ń tò sí ìlà dípò ènìyàn. Ìyá yìí á ti gbé tirẹ̀ síwájú kí àkùkọ tó kọ. Kì í ṣe torí ara rẹ̀. Àwa ọmọ iléèwé ló ń di ipò mú fún, kí a má baà pẹ́ dé kíláàsì. Kí omi tó kàn wá, ẹni tó mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀. Òun kò mọ Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé. Bí a bá kà á tán, á ní, "Ó dùn létí. Kí ló wí?" A ó wá sọ ọ́ ní Nàgó, èdè ilé wa.

Bí mo ṣe yege ìdánwò àṣejáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Kọlẹ́ẹ̀jì, ìyẹn iléèwé girama, kò sí nítòsí. Kétu ló wà. Wọn kò kọ́ ibùgbé kankan fún ọmọ tó bá ti oko wá. Ọ̀gá ibẹ̀ kàn ní kí n wá ẹbí nígboro. Ẹbí wo? Bàbá mi ní kí n jókòó sílé.

Ìyá àgbà mú mi lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ní Kétu, obìnrin ọlọ́gì. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Eléyìí lágbára. Á máa pọnmi, á máa kiri ògì. Bí àyè bá kù, kó lọ iléèwé."

"Ṣé o rí ọrùn mi yìí?" ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ó ti ń ru omi kí wọ́n tó bí ọ. Èmi ni kí o gbà síṣẹ́. Jẹ́ kọ́mọ ó lọ kàwé."

"Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin tẹ́yìn yín ti tẹ̀!"

"Ó ti tẹ̀ tán, kò lè tẹ̀ ju báyìí lọ."

Ó dúró lóòótọ́. Títí mo fi jáde kọlẹ́ẹ̀jì, òun ló ń pọnmi ilé náà, òun ló ń sẹ́ ògì. Oko rẹ̀ di igbó. Lábúlé, kò sẹ́ni tó di ipò mú fáwọn ọmọ mọ́. Ìwé kíkà ìdí kànga parẹ́. Èmi nìkan ló gbà là.

Mo ti gboyè ní yunifásítì. Mo ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ pé ará oko ò fẹ́ràn ìwé. Irọ́ ni. Kọlẹ́ẹ̀jì ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ibùgbé ò sí, àwọn ọmọdébìnrin ṣì ń pọnmi nílé onílé.

Bí mo bá ṣí omi ẹ̀rọ nílé mi, n kì í jẹ́ kó ṣòfò. Mo mọ orí tó rù ú.