Ohùn Tí Mo Mọ̀ Kí N Tó Mọ Ojú Olóhùn

Ó dìgbà o, Ìbídùn Olóhùn-Ìrì! Ó di inú àlá, níbi tí mo ti kọ́kọ́ mọ̀ yín. Ìyá mi, olórin mi, ikú ṣe é, ó mú ẹni tó ń kọrin, ó wá fi orin sílẹ̀ fún wa bí ẹni fi iná sílẹ̀ láàrò. Ta ni yóò máa yá a?

Àwọn ọmọkùnrin yín ti sọ ti ìyá tó bí wọn nínú ìwé ìsìnkú yìí. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Uwasota, ní Benin níbí, ti sọ ti àgbà obìnrin tó máa ń parí ìjà kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Èmi Bọ́sẹ̀dé aránṣọ kì í ṣe ẹbí yín. Mo kàn fẹ́ràn orin yín ni, láti ìgbà tí ẹ kò tíì mọ̀ pé wọ́n bí ẹnì kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀dé sáyé.

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀gúsí ní ọjà Ekiosa. Ọkùnrin ọmọ Ẹ̀dó kan ń ta kásẹ́ẹ̀tì lódìkejì wa. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, tí ọjà dákẹ́, tí àwọn oníbàárà ti wábi forí pamọ́ sí, kásẹ́ẹ̀tì yín ló máa ń fi sí i. Ìyá mi á ní, "Oga, abeg add volume small." Èmi á nà gbalaja sórí àpò ìrẹsì, ohùn yín á máa wọ inú oorun mi díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń wọ inú iyanrìn. Nígbà míràn n kì í mọ̀ bóyá mo ti sùn tàbí mo ṣì ń gbọ́ yín. Orin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Ohun tí mo ń gbọ́ ni pé, "Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́, bá mi gbélé o." Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ìyá mi kú, tí mo ń nìkan jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ, orin yẹn ni mo ń kọ fún fèrèsé tó wà ní ṣíṣí.

Ìlú Ìbàdàn ni mo rò pé ẹ wà, nínú ilé ńlá kan. N kò mọ̀ pé ọkọ yín ti mú yín wá sí Benin láti ìgbà pípẹ́, pé Ọlọ́run pè é níbẹ̀, pé ẹ kọ̀ láti padà sílé, pé ẹ ti ti jìtá yín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ tí mo rí yín, ọjà Santana ni. Mo ń ṣa tòmátì. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wé gèlè tó ti ṣá, ó ń bá oníṣu ná iṣu. Ó ní, "Madam, put better one for me now." Ọwọ́ mi dá dúró sórí tòmátì. Mo mọ ohùn yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ ní, "Ọmọ mi, dìde, aṣọ rẹ ti bàjẹ́. Ibo lo ti mọ̀ mí?"

Mo ní, "Lórí àpò ìrẹsì, mà, ní Ekiosa." N kò mọ ohun míràn tí mo lè sọ, ni mo bá kọ orin mi. Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ wò mí títí.

"Gbélé kọ́ o, ọmọ mi. 'Bá mi gbé e lọ' ni mo kọ. Ìgbà tí àkọ́bí mi kú ni. Mo ní kí afẹ́fẹ́ bá mi gbé ìbànújẹ́ náà lọ." Ẹ wá rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú yín. "Kò kúkú gbé e lọ. Tìrẹ ló tọ̀nà jù. Láti òní lọ, bí tìrẹ ni màá ṣe máa kọ ọ́."

Báyìí ni ẹ ṣe di ẹni tó ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ gbé jìtá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Ugbowo á wá gba aṣọ, wọ́n á gbàgbé aṣọ, wọ́n á jókòó sílẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé, "Orin kì í ṣe tẹni tó kọ ọ́, tẹni tó sùn lé e lórí ni." Ẹni tí mo ń gbọ́ lójú oorun ló wá ń bá mi jẹ ẹ̀wà, tó ń bá mi ṣa bọ́tìnnì. Mo máa ń wo yín nígbà míràn, màá fọwọ́ kan apá yín, kí n lè mọ̀ pé mo lajú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí àìsàn náà. Mo rán bùbá kan fún yín sórí ìwọ̀n àtijọ́, ọrùn rẹ̀ kò gbà yín. Ẹ ní ẹ ti sanra ni. Mo fọwọ́ kàn án, ó le. Gẹ̀gẹ̀ ni. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dí yín lọ́nà èémí. Ó tún ní ibi tó wà sún mọ́ okùn ohùn, ó ṣeé ṣe kí ohùn bá a lọ. Àwọn ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ kọ̀. Pásítọ̀ bẹ̀ yín, ẹ kọ̀. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ ní, "Bọ́sẹ̀dé, bí wọ́n bá gba ohùn mi, kí ló kù tí wọ́n á máa pè ní Ìbídùn? Ìwọ lo fẹ́ràn orin yìí jù. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyá mi, ẹ kò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Ohùn yín ni mo fi mọ ohun tó ń jẹ́ ẹwà. Gbogbo ọ̀sán ìgbà èwe mi wà nínú rẹ̀, ìyá mi náà wà níbẹ̀. Mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, mà. Ohùn yín ti wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin gan-an ni n kò tíì ní tó."

Ẹ sunkún, ẹ sì gbà. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a lọ sí ọsibítù, ẹ kọrin ní ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo àdúgbò bí èéfín funfun. Àwọn ará ilé jókòó sórí gọ́tà, ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan gbé fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀, ẹ ní, "Etí ni kí ẹ fi gbà á." Gbogbo fóònù wálẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ohùn sì lọ. Ohun tó kù kò ju mímí lọ. Oṣù ń gorí oṣù, ẹ kò jẹun dáadáa, ẹ kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti gba ẹ̀mí là, mo pa ẹlẹ́mìí.

Àfi ọjọ́ tí Tóyọ̀sí ọmọ mi ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ ọ́n: ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn. Ó ń kọ orin yín lábẹ́lẹ̀, ó gbé ohùn "ìgbà" gba ibi tí kò tọ́, ó sọ ọ́ di "igbá". Ẹ kò lè fara dà á. Ẹ pàtẹ́wọ́ gbà! Ẹ ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Tóyọ̀sí ní, "Grandma, I no dey hear you o." Ẹ fi ìka pè é, ó sún mọ́ yín, ẹ fa etí rẹ̀ sẹ́nu, ẹ sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n gbé ẹ̀kọ wá.

Inú etí ọmọ yẹn ni ẹ ti kọ gbogbo orin tuntun yín. Ọmọ tí mo ti bẹ̀ títí kó fi Yorùbá dá mi lóhùn, mímí lásán ló kọ́ ọ. Nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró síwájú pẹ̀lú jìtá yín, ó kọ orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ẹ̀yin jókòó ní ìlà iwájú, ètè yín ń mì. Ẹ tẹ̀ sí mi, ẹ ní, "Mo rò pé màá kú ṣáájú ikú mi ni. N kò kú, Bọ́sẹ̀dé."

Ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ lọ, èmi wà ní ìdí sítóòfù. Tóyọ̀sí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ó ń tún jìtá ṣe. Ẹ sọ fún un pé, "Okùn kejì yẹn ti dẹ̀. Fà á díẹ̀." Ó fà á. Ẹ mi orí pé ó ti dùn, ẹ dijú, ó sì kọ orin afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà tó parí ló tó mọ̀. Ó sá wá bá mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Mọ́mì, mo rò pé wọ́n ń gbọ́ ni."

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ ọ, ọmọ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán."

Ìbídùn Olóhùn-Ìrì, ẹ má jẹ ọ̀kùn, ẹ má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ. Ẹ kí ìyá mi. Ẹ sùn re o, ìyá mi, ẹ sùn re.