Ẹja Àrọ̀ Méjì ní Pálọ̀ Télọ̀

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún yìí, ẹja àrọ̀ ńlá inú àpótí gíláàsì télọ̀ kan gé èkejì rẹ̀ ní ìrù jẹ. Mo fojú ara mi rí ọgbẹ́ náà. Ìyàwó télọ̀ ní bí wọ́n bá tún jà, ìkòkò ọbẹ̀ ló kàn.

Ẹja kọ̀ọ̀kan ní ìkòkò amọ̀ tó ń sá sí, àmọ́ ẹnu ìkòkò méjèèjì kọjú síra. Télọ̀ yí wọn kí wọ́n kẹ̀yìn síra. N kò gbà pé ìyẹn tó, ni mo bá jókòó tì wọ́n fún wákàtí méjì. Wọn ò jà.

Ìyàwó rẹ̀ wo àga tiwọn méjèèjì tó kọjú síra, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Baálé mi, ẹ dìde, ó ku àga tiwa."