Àwọ̀ Akẹtẹ̀ Tí Mo Yí Padà

Ojú tì mí lónìí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Bàbá kan láti ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ń gbé Ẹ̀yọ̀ jáde wá tẹ pósítà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Apọ́ngbọ̀n. Wọ́n ní kí n sọ àwọ̀ funfun tó wà lẹ́yìn Ẹ̀yọ̀ inú àwòrán wọn di pupa. Mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ akẹtẹ̀ Ẹ̀yọ̀ náà pupa, kò wá hàn mọ́. Ni mo bá sọ akẹtẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó sì dùn ún wò lójú mi o!

Bàbá wò ó títí.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan akẹtẹ̀ wa?"

"Ẹ má bínú, sà. Kó lè hàn ni."

"Ṣé o ò mọ̀ pé àwọ̀ akẹtẹ̀ la fi ń dá ilé kọ̀ọ̀kan mọ̀? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Mo ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí. Mo tún fọ́nnu dárúkọ ilé bàbá mi.

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọ̀ ilé bàbá ẹ lo gbé dé wa lórí yìí!"

Mi ò mọ̀ rí láyé mi pé àwọ̀ ewé ni ti ilé wa.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ sọ àwọ̀ akẹtẹ̀ ilé tiyín fún mi ná.