Òjìji Afárá Ojú Irin

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Signora Ines dé láti Padova nígbà tí mo rí i pé ìwé tí èmi àti Bàbá Renato ti ń kọ láti bí ọdún kan ààbọ̀ ń parọ́ mọ́ òkú. Òkú ọ̀hún sì ni Lino, ẹ̀gbọ́n Signora Ines tó ń bọ̀ wá gbọ́ ohun tí a kọ nípa rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló gbé mi dé ilé Bàbá ní Collegno, lẹ́bàá Torino ní ilẹ̀ Ítálì, láàárín àwọn ọdún 1990. Mo ń se oúnjẹ, mo ń fún wọn lóògùn, mo ń mú wọn rìn. Wọ́n máa ń ní ìrẹsì mi ta ju ìbọn lọ, síbẹ̀ wọn kì í jẹ ẹ́ kù. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú ya fọ́tò ilẹ̀ ọ̀tá: afárá, èbúté, ilé iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, Bàbá ni wọ́n ń fọ fíìmù, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí awakọ̀ mú bọ̀ sílẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ kọ kí wọ́n tó kú. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ní kí n wá jẹ́ ojú fún àwọn. Ilé ìwé girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń to nǹkan.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni òjìji. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wo fọ́tò tí a yà láti òkè gbọ́dọ̀ yí i títí òjìji yóò fi wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòtò yóò dà bí òkìtì lójú rẹ̀. Mo dán an wò, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo fọ́tò tí mo bá tò ni òjìji rẹ̀ ń wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà.

Fọ́tò mẹ́fà la ní nípa afárá ojú irin kan. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Bàbá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn débẹ̀, nítorí ní ìdájí ọjọ́ kejì ọkọ̀ ogun ti ju bọ́ǹbù fọ́ afárá náà. Ọkọ̀ kan lọ láàárọ̀, ó mú fọ́tò bọ̀. Lino wa ọkọ̀ mìíràn lọ lọ́sàn-án, òfìfo ló mú bọ̀. Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀rù ló dá a padà lọ́nà. Wọ́n fi ìtìjú lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, ó sì kú síbòmíràn kí ogun tó parí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo ń nu eruku lára fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òjìji gbogbo wọn wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó gún régé. Ṣùgbọ́n ilé kan tó ní òrùlé gígùn wà lápá òsì odò nínú márùn-ún, ó sì wà lápá ọ̀tún nínú ẹ̀kẹfà. Mo yí ẹ̀kẹfà títí ilé náà fi bọ́ sí òsì. Òjìji bá sá lọ sí òdìkejì. Òjìji àárọ̀ kì í sì kọjú síbi tí tọ̀sán kọjú sí. Àárọ̀ ni wọ́n ya márùn-ún. Ọ̀sán ni wọ́n ya ọ̀kan yìí, Lino nìkan ló sì lọ lọ́sàn-án. Èmi tí mo tò wọ́n dáadáa ni mo bò ó mọ́lẹ̀.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Báwo ni n ó ṣe sọ fún àgbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Permesso mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, sì fẹ́ parí. Ìwé iṣẹ́ tí Bàbá bá fọwọ́ sí ni n ó fi gba òmíràn. Níbi ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, mo sọ ọ́ fún Ìyá Tóyìn, ọ̀rẹ́ mi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Wọ́n ní kí o tọ́jú bàbá arúgbó, o fẹ́ di adájọ́ wọn. Dá fọ́tò padà síbi tí o ti rí i, jàre.”

Mo dá a padà. Mo sì ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀. Bàbá kì í fẹ́ kí n kúnlẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló máa ń dà bíi pé mò ń wá nǹkan nílẹ̀.

“Kí lo sọ nù?”

“Mi ò sọ nǹkan kan nù, Bàbá. Ẹ bá mi wo fọ́tò yìí, bóyá ojú mi ló ń tàn mí.”

Wọ́n gbé e lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kọfí wọn tutù.

“Ìgbà wo lo ti rí i?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà.”

“Abájọ tí ọbẹ̀ fi dà bí omi òkun.” Wọn ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, jẹ́jẹ́: “Fíìmù Lino bàjẹ́ lọ́wọ́ mi nínú omi ìfọ̀. Ẹ̀rù ọ̀gá bà mí, mo kọ ọ́ pé kò ya nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan yè.”

Wọ́n ní kí n mú kálámù. “Kọ ọ́ báyìí: Lino débẹ̀. Renato ni kò jẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.”

Bàbá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ sí ojú ìwé tuntun náà. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ ń bà kò lè bá àwọn kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ní kí n kà á fún Signora Ines kí ẹnikẹ́ni tó bu kọfí. Mo kà á. Signora Ines kò sọ pé àwọn dárí ji Bàbá, wọn kò sì bú Bàbá. Wọ́n kàn ní kí n gbé fọ́tò náà wá. Wọ́n dì í mú lódì, mo bá wọn yí i kí òjìji lè wá sí ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bi mí pé níbo ni ẹ̀gbọ́n àwọn wà nínú rẹ̀.

Mo ní, “Mà, awakọ̀ kì í sí nínú fọ́tò tó bá yà. Ibi tí ẹ ti ń wò ó yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n yín wà.”