Ọkọ̀ Pupa Tó Ń Ké Láìsí Kọ́kọ́rọ́

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ Ìyá àgbà nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi ṣì ń kán láti ẹnu páànù, èmi sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀. Síbẹ̀ ó ké, gírí-gírí-gírí, bí ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi agídí sítáàtì, ó sì fò síwájú bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Ó tún ké, ó tún fò. Àtẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀wà fọ́n káàkiri. Ìyá àgbà ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi ọwọ́ lásán fa orí bátìrì yọ. Igbe náà dá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa pariwo. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Mi ò bi wọ́n pé kí ló dẹ́rù bà wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn ni Bàbá àgbà kú sí.

Rewáyà ni Bàbá àgbà, ìyẹn àwọn tó máa ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Challenge, ilé wa sì wà ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ring Road. Ìyá àgbà ló máa ń bá wọn di wáyà mú ní ṣọ́ọ̀bù, títí tí àwọn náà fi mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú. Ọkọ̀ pupa yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Ọkọ̀ eré ìgbà àtijọ́ ni, ó dàgbà ju màmá mi lọ, kò lórùlé, èèyàn méjì ló ń gbà, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á dà bí ẹni tó jókòó sórí ẹní. Bàbá àgbà rí i níbi tí wọ́n pa á tì sí tó ti dógùn-ún, wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá àgbà bu omi lọ fún wọn. Wọ́n bá Bàbá àgbà lórí ìjókòó awakọ̀, ọwọ́ kan lórí sítíárìn, ọwọ́ kejì lórí jíà. Ẹ̀mí ti bọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tapólì ni wọ́n fi bo ọkọ̀ náà. Nígbà tó yá ni Ìyá àgbà ṣí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ parí iṣẹ́ tó kù. Bí wọ́n ṣe gbé bátìrì sí i ni ohun tí mo sọ yìí ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sílé ìwẹ̀ mọ́. Lójú mi, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì ń wò mí ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà, nínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó jẹ́ àkọ́bí Ìyá àgbà, wá láti Àpáta. Wọn ò tilẹ̀ jókòó.

"Màmá, ẹ jẹ́ n wá ẹni tó máa wọ́ ọ lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé Bàbá ò tíì lọ."

Ìyá àgbà ń fi àkísà nu ọwọ́. "Tó bá jẹ́ bàbá yín ló ń ké, ṣé a ó wá wọ́ wọn lọ dà nù ni? Tó bá sì jẹ́ wáyà ni, jẹ́ n wá a."

"Tí ẹ ò bá rí i ńkọ́?"

"Padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Tó bá ṣì ń ké, máa wọ́ ọ lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà pè mí. Wọ́n ti so wáyà mọ́ gílóòbù ọ̀kadà kan. Ibi tí wọ́n bá fi kàn, tí iná bá wà níbẹ̀, gílóòbù náà á tàn. Wọ́n nílò ẹni tó máa jókòó sínú ọkọ̀, tó máa tẹjú mọ́ gílóòbù nígbà tí àwọn bá ń mi wáyà níwájú.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, Mà."

"Èmi, ẹ̀rù ń bà mí. Bọ́ bàtà rẹ, kí o wọlé."

Mo jókòó síbi tí Bàbá àgbà jókòó sí kẹ́yìn. Awọ ìjókòó náà tutù, ó ń rùn bẹntiróòlù àti eku, òórùn aṣọ iṣẹ́ wọn sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà kí n má bàa fara kan ohunkóhun.

Ìyá àgbà tú ojú kọ́kọ́rọ́, ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, kúrò lára dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fà á jáde pẹ̀lú gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá sọ̀rọ̀. "Èyí ti bátìrì wá. Èyí wà fún iná. Funfun yìí ló ń lọ bá sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnì." Èyí funfun yẹn ni wọ́n so gílóòbù mọ́. Ojú kọ́kọ́rọ́ ti wà nílẹ̀ nísinsìnyí, kò kan nǹkan kan mọ́, nítorí náà kò yẹ kí iná kankan wà nínú wáyà funfun. Wọ́n dá orí bátìrì padà. Gílóòbù ò tàn.

"Máa wò ó. Tó bá ṣẹ́jú, pariwo."

Wọ́n lọ dúró síwájú, láàárín ọkọ̀ àti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì. Mò ń gbọ́ ìró wáyà tí wọ́n ń mì, àti ẹyẹ kan lórí igi máńgòrò. Mi ò ṣẹ́jú.

Gílóòbù tàn.

Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ké. Gírí-gírí-gírí! Ó fò lọ bá ògiri, èmi nínú rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sókè kò jẹ́ kí n rí Ìyá àgbà. Ohùn wọn nìkan ni mò ń gbọ́, irú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Kílọ́ọ̀ṣì! Irin ẹsẹ̀ apá òsì! Tẹ̀ ẹ́!"

Ẹsẹ̀ mi ò tó o. Mo yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí ìjókòó, mo fẹ̀yìn tì í, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin náà. Mò ń sunkún, mò ń kígbe, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́!"

Irin náà wọlé. Ẹ́ńjìnì ṣì ń ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò fò mọ́. Ó yí sẹ́yìn díẹ̀. Mo gbọ́ tí aṣọ ya, mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n já orí bátìrì, igbe náà sì dá. 

Ìyá àgbà yọ sí mi. Ìró wọn ti ya lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ká ẹsẹ̀ mi kúrò lórí irin náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Mo mọ̀ pé ó wà nínú jíà," ni wọ́n wí. Wọn ò wojú mi. "Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ kú ni mo ti mọ̀. Ibi tí ọwọ́ wọn fi í sí nìyẹn. Mi ò fẹ́ yí i kúrò."

Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀pá jíà. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, wọ́n fà á padà, wọ́n tún nà án. Nígbà tó pẹ́, wọ́n dì í mú, wọ́n fà á bọ́ sí àárín, níbi tí kò ti lè wọ́ ọkọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n bú sẹ́kún. Wọn ò sunkún báyẹn lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọjọ́ náà gan-an la rí ohun tó ń ké. Ihò kan wà lára irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ibi ìjókòó, ibẹ̀ ni gbogbo wáyà ń gbà kọjá. Rọ́bà tó yí etí ihò náà ká ti rún, irin sì ti jẹ awọ wáyà méjì: ti bátìrì àti èyí funfun. Bí omi bá kán sí wọn, tàbí tí wọ́n bá mì, wọ́n á pàdé. Ìyá àgbà gé rọ́bà lára sálúbàtà àlòkù, wọ́n fi yí ihò ká, wọ́n pààrọ̀ wáyà méjèèjì, wọ́n fi tépù dúdú dì wọ́n pinpin, wọ́n sì dá ojú kọ́kọ́rọ́ padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n màmá mi dé. Ìyá àgbà tiro jáde, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n yí i. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, èéfín funfun bo ojú wa, ó sì mú. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ìyá yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ṣí fèrèsé.

"Wá jókòó ti màmá, kí wọ́n gbé ọ yípo," ni ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí.

Mo rọ̀ mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti fi ojú mi rí wáyà náà, síbẹ̀ ẹ̀rù ò kúrò lára mi.

"Fi í sílẹ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Ohun tó rí, ó rí i."

Ìyá àgbà ti di olóògbé. Èmi náà ti dàgbà, mò ń gbé ní Bodija, mò ń wa ọkọ̀ tèmi, àyà mi sì máa ń já láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó mú. Mo ti gbà pé kò ní í dẹ́kun. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá mi kú, tí mi ò lè wọ yàrá wọn, tí ife tíì tí wọ́n mu kẹ́yìn wà lórí tábìlì, tí omi rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí, gbogbo èèyàn ní kí n má fọwọ́ kan ife náà, kí n fi í síbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rántí pé mo ti rí ọwọ́ àgbàlagbà kan tó gbọ̀n ju báyìí lọ, tó sì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Mo wọlé, mo gbé ife náà, mo lọ fọ̀ ọ́.